Hubert Ògúndé, Olùkọ́ tí ó fi Yàrá Ẹ̀kọ́ sílẹ̀ fún Orí Ìtàgé

Ní alẹ́ ọjọ́ tí a ṣe kọ́ńsáàtì ìparí táàmù tí ó kọjá, àríyànjiyàn kan bẹ́ sílẹ̀ ní yàrá ibùsùn wa, a kò sì rí i parí títí agogo iná pípa fi lù. Ọ̀rẹ́ mi kan ní òun kò rí ìdí tí ènìyàn fi ní láti san owó, kí ó jókòó lórí bẹ́ǹṣì líle nínú ooru, kí gèlè ẹni tí ó wà níwájú sì máa dí i lójú, nígbà tí ó lè fẹ̀yìn lélẹ̀ lórí ibùsùn rẹ̀ kí ó wo irú eré bẹ́ẹ̀ nínú ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀ ọwọ́ rẹ̀. Èmi kò ní èsì tí ó múná dóko fún un ní alẹ́ náà. Ohun tí ó kàn wá sí mi lọ́kàn ni ìyá àgbà mi ní Igbótako, ẹni tí ó ti ná èrè gáráwà epo mẹ́ta tán ní alẹ́ ọjọ́ kan ṣoṣo nítorí ọkùnrin eléré kan, tí kò sì kábàámọ̀ rẹ̀ títí di òní. Ìtàn ọkùnrin náà ni mo fẹ́ sọ. Iṣẹ́ wa yìí gan-an ni ó kọ́kọ́ ṣe, nítorí náà ó yẹ kí a mọ̀ ọ́n ju bí a ti mọ̀ ọ́n lọ.

A bí Hubert Adédèjì Ògúndé ní ọdún 1916 ní Ọ̀sọ̀sà, ìlú kékeré kan tí kò jìnnà sí Ìjẹ̀bú-Òde. Oníwàásù ìjọ Onítẹ̀bọmi ni bàbá rẹ̀, ṣùgbọ́n ọmọ náà gbé fún ìgbà díẹ̀ lọ́dọ̀ bàbá àgbà rẹ̀ tí ó jẹ́ onífá. Báyìí ni ó ṣe di ẹni tí ó mọ orin ìsìn ní apá kan, tí ó sì mọ ìlù ọdún ìbílẹ̀ ní apá kejì. Láàrin ọdún 1925 sí 1932, ó lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ ní Ọ̀sọ̀sà, ní Fàájì ní Èkó, àti ní ilé-ẹ̀kọ́ Wásinmi ti ìjọ African Church.

Ní ìgbà èwe rẹ̀ yìí kan náà ni ó bá àwọn eégún alárìnjó ṣeré. Ẹ jẹ́ kí n ṣe àlàyé wọn díẹ̀, nítorí pé ọ̀pọ̀ nínú àwa ọmọ Ìkálẹ̀ ni kò fojú rí wọn rí. Eégún alárìnjó, tí àwọn ẹlòmíràn ń pè ní apidán, ni egúngún tí eré ṣíṣe jẹ́ iṣẹ́ rẹ̀. Wọn a máa lọ láti ìlú dé ìlú pẹ̀lú onílù àti akígbe wọn. Bí ìlù bá ti gbóná, ọ̀kan yóò di òjòlá tí ń wọ́ nílẹ̀, ọ̀kan yóò di ọ̀nì, òmíràn yóò sì wọ ẹ̀wù Òyìnbó pẹ̀lú imú gígùn, yóò máa rìn bí ọ̀gá tí inú ń bí, gbogbo àwùjọ yóò sì máa rẹ́rìn-ín títí omi yóò fi jáde lójú wọn. Kò sí ẹnu-ọ̀nà tí a ń ṣọ́, kò sì sí tíkẹ́ẹ̀tì. Bí eré bá dùn, owó á máa bọ́ sílẹ̀ níwájú wọn; bí kò bá dùn, àwọn òǹwòran á yí ẹ̀yìn padà, wọn á sì lọ sílé wọn. Ẹni tí ó bá ṣe ọmọdé nínú irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ ti kọ́ ẹ̀kọ́ kan tí kò sí nínú ìwé kankan: pé ẹni tí ó wá wòran ni adájọ́, kíákíá ni ó sì ń dá ẹjọ́ tirẹ̀.

Nígbà tí ó parí ẹ̀kọ́ rẹ̀, Ògúndé di olùkọ́ kékeré. Ó ń kọ́ àwọn ọmọ ní ọ̀sẹ̀, ó sì ń tẹ dùrù ní ilé ìsìn ní ọjọ́ Àìkú, òun náà ni ó sì ń ṣáájú àwọn akọrin. Mélòó nínú wa ni kò mọ irú ìgbésí ayé bẹ́ẹ̀? Ṣùgbọ́n owó oṣù olùkọ́ kékeré kò tó nǹkan nígbà náà, nítorí náà ní oṣù kẹta ọdún 1941 ó wọ iṣẹ́ ọlọ́pàá ní Ìbàdàn. Ní ọdún 1943 wọ́n gbé e lọ sí Èbúté Mẹ́ta, níbẹ̀ ni ó sì ti darapọ̀ mọ́ Ìjọ Olúwa, ọ̀kan nínú àwọn ìjọ Aládùúrà.

Ìjọ yìí ni ó fi ẹsẹ̀ rẹ̀ lé ọ̀nà. Wọ́n ń fẹ́ owó, wọ́n sì bẹ ọlọ́pàá tí ó mọ orin yìí kí ó bá wọn ṣe eré tí àwọn ènìyàn yóò sanwó wò. Irú eré bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ohun titun ní Èkó nígbà náà. Ó ti pẹ́ tí àwọn ìjọ ti ń fi orin sọ ìtàn inú Bíbélì, tí àwọn ọ̀gá akọrin bí A. B. David sì ti ń ṣe é tí ó dára. Ṣùgbọ́n àwọn akọrin a máa dúró lójú kan bí ẹni tí ó wà nínú ìsìn, wọn a kọ orin wọn, wọn a sì jókòó. Àwọn òǹwòran náà a jókòó jẹ́ẹ́, wọn a pàtẹ́wọ́ ní ìwọ̀nba, wọn a sì lọ sílé ní ìwà pẹ̀lẹ́. Kò sí ohun tí ó burú nínú rẹ̀, àmọ́ n kò rò pé ìyá àgbà mi ìbá ná owó gáráwà kan lórí rẹ̀.

Ní oṣù kẹfà ọdún 1944, Ògúndé gbé eré rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde ní Gbọ̀ngàn Glover ní Èkó. Ọgbà Édẹ́nì àti Ìtẹ́ Ọlọ́run ni eré náà dá lé. Ìtàn tí gbogbo ènìyàn ti mọ̀ ni, ṣùgbọ́n àwọn tí ó wá síbẹ̀ rí ohun tí ojú wọn kò rí rí nínú eré ìjọ: ìlù dún, àwọn òṣèré jó, wọ́n rìn, wọ́n fi ara ṣe ohun tí ẹnu wọn ń kọ. Ohun tí ọmọ náà ti rí lọ́dọ̀ àwọn alárìnjó ni ó mú wọ inú gbọ̀ngàn Òyìnbó, ó sì fi orin ìjọ bò ó mọ́lẹ̀. Gbọ̀ngàn kún, inú ìjọ dùn, kíá ni wọ́n sì ti ń bèèrè fún òmíràn.

Níhìn-ín ni ọ̀rọ̀ náà ti kan àwa gan-an. Ní ọdún 1945 Ògúndé dá ẹgbẹ́ eré sílẹ̀, ó pè é ní African Music Research Party, kò sì pẹ́ tí ó fi iṣẹ́ ọlọ́pàá sílẹ̀ pátápátá. Ẹ rò ó wò, ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi. Ọmọkùnrin tí kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún, tí ó ní aṣọ ìjọba lọ́rùn àti owó tí ń wọlé lóṣooṣù, sọ pé láti ọjọ́ náà lọ, ohun tí àwọn ènìyàn bá san lẹ́nu-ọ̀nà gbọ̀ngàn ni òun yóò máa jẹ. Kò tíì sí ẹni tí ó gbé irú ẹgbẹ́ eré ìgbàlódé bẹ́ẹ̀ kalẹ̀ ṣáájú rẹ̀ ní Nàìjíríà, tí yóò fi iṣẹ́ náà nìkan jẹun. Nígbà náà, alágbe ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń ka eléré sí. Bí ó bá jẹ́ ọ̀kan nínú wa ni, mo mọ ohun tí àwọn òbí wa ì bá sọ, nítorí náà n kò ní kọ ọ́ síhìn-ín.

Ohun tí ó gbé e ró ni pé ó mọ ohun tí ń dun àwọn ènìyàn. Ní ọdún 1945 yìí ni àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba àti ti ojú irin, tí Michael Imoudu wà lára àwọn aṣáájú wọn, da iṣẹ́ sílẹ̀ ní gbogbo Nàìjíríà fún ohun tí ó lé ní oṣù kan, nítorí pé ogun ti gbé owó ọjà lọ sókè, owó oṣù wọn kò sì kúrò lójú kan. Ògúndé sọ ọ̀ràn náà di eré, ó pè é ní Strike and Hunger. Ó fi í sínú ìtàn ọba àti ìlú, kò sì sí ẹnikẹ́ni nínú gbọ̀ngàn tí kò mọ ẹni tí a ń bá wí. Nígbà tí ó gbé e dé Jọ́ọ̀sì ní ọdún 1946, àwọn ọlọ́pàá dá eré náà dúró, wọ́n sì gbé e lọ sí ilé ẹjọ́. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ àná ni ó wá mú un! Ọ̀rọ̀ náà kò sì dẹ́rù bà á, nítorí pé nígbà tí àwọn ọlọ́pàá yìnbọn pa àwọn awakùsà èédú ní Enugu ní oṣù kọkànlá ọdún 1949, ó tún sọ ìyẹn náà di eré ní ọdún 1950, ó pè é ní Bread and Bullet, ó sì tún bá ìjọba níjà ní Kánò nítorí rẹ̀.

Ìṣòro mìíràn tí ó ní ni ti àwọn obìnrin. Kò sí òbí tí ó fẹ́ kí ọmọbìnrin rẹ̀ gun orí ìtàgé. Ó polongo nínú ìwé ìròyìn pé òun ń wá obìnrin òṣèré, ẹnìkan kò dá a lóhùn. Ó wá yí ọ̀rọ̀ padà, ó polongo pé obìnrin akọ̀wé ni òun ń wá, wọ́n sì wá. Nígbà tí wọ́n dé tán ni ó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ iṣẹ́ tí ó wà nílẹ̀ fún wọn. Ní ọdún 1946, nínú eré tí ó pè ní Tiger's Empire, àwọn obìnrin fi ara hàn lórí ìtàgé Yorùbá gẹ́gẹ́ bí òṣèré tí a ń sanwó fún. Kí àwọn òbí má baà tún máa pè wọ́n padà sílé, ó gbé ọ̀pọ̀ nínú wọn níyàwó, ẹgbẹ́ eré náà sì di agboolé. Àwa tí a tọ́ dàgbà lọ́wọ́ ìjọ lè má fọwọ́ sí ọ̀nà yìí, mo sì kọ ọ́ sílẹ̀ bí ó ti rí. Clementina, tí a mọ̀ sí Adéṣẹ̀wà, ni olórí wọn, bí kò bá sì sí òun, n kò rò pé iṣẹ́ náà ì bá dúró.

Ó lọ sí Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1947 láti wo bí àwọn Òyìnbó ti ń ṣe tiwọn. Síbẹ̀, mo rò pé Kùmásí ni ó ti kọ́ ẹ̀kọ́ tí ó tóbi jù. Nígbà tí ó gbé eré lọ sí Gold Coast, èyí tí a ń pè ní Gánà lónìí, ní ọdún 1948, ó rò pé bí Èkó ti gbà á ni wọn yóò ṣe gbà á níbẹ̀. Eré olórin bí ti ìjọ, ní èdè Yorùbá, ni ó gbé lọ, àwọn òǹwòran ibẹ̀, tí ojú wọn ti là sí ijó àti àwàdà àwọn ẹgbẹ́ kọ́ńsáàtì tiwọn, kò sì rí adùn rẹ̀. Ògúndé kò bá wọn jà, bẹ́ẹ̀ ni kò sọ pé wọn kò gbọ́n tó. Ó padà sílé, ó ra fèrè Òyìnbó àti ìlù ńlá, ó kọ́ àwọn obìnrin rẹ̀ ní ijó ìgbàlódé, ó fi ọ̀rọ̀ ẹnu kún orin, ó fi àwàdà sí i, nígbà tí yóò sì fi di ọdún 1950, ó ti yí orúkọ ẹgbẹ́ náà padà sí Ogunde Concert Party. Àwa tí a ń kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ mọ bí ó ti ṣòro tó láti gbà pé nígbà tí kíláàsì bá ń sùn, ó ṣeé ṣe kí ẹ̀bi wà lọ́wọ́ ẹni tí ó dúró níwájú.

Láti ìgbà náà lọ kò sí ìlú ńlá kan ní ilẹ̀ Yorùbá tí kò mọ ọkọ̀ rẹ̀. Bí àwọn àgbà ti ń sọ ọ́ fún wa ni pé ní ọ̀sán ọjọ́ eré, ọkọ̀ yóò yí ìlú po pẹ̀lú ìlù àti fèrè, àwọn ọmọ yóò sì máa sáré tẹ̀lé e láti àdúgbò dé àdúgbò. Àwọn ìyá yóò tètè dáná. Ní alẹ́, ilé-ẹ̀kọ́ tàbí gbọ̀ngàn ìlú yóò kún dẹ́nu, àwọn tí kò rówó san yóò sì gun igi tàbí kí wọ́n yọjú lójú fèrèsé. Orin àti ijó ìbẹ̀rẹ̀, tí wọ́n ń fi Òyìnbó pè ní Opening Glee, ni yóò kọ́kọ́ wáyé, gbogbo àwọn obìnrin yóò jáde nínú aṣọ kan náà, Ògúndé fúnra rẹ̀ yóò sì wà láàrin wọn. Lẹ́yìn náà ni eré gan-an. Orin nìkan ni ó sábà máa ń wà ní kíkọ sílẹ̀ pátápátá. Ọ̀rọ̀ ẹnu ń bọ̀ láti inú òṣèré fúnra rẹ̀. Bí àwọn ènìyàn bá rẹ́rìn-ín ju bí a ti rò lọ, òṣèré lè fa àwàdà náà gùn. Bí ó bá sì rí i pé ojú wọn ti ń fà, ó lè gé e kúrú. Nítorí náà eré kan náà kì í rí bákan náà ní ìlú méjì. Ẹni tí ó bá wò ó ní Ìjẹ̀bú lè tún san owó wò ó ní Oǹdó, kí owó rẹ̀ má sì ṣòfò.

Ọ̀ràn tí ó tóbi jù dé ní ọdún 1964. Ẹgbẹ́ Ọmọ Ọlọ́fin, tí Olóyè Samuel Ládòkè Akíntọ́lá, olórí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, wà nínú rẹ̀, bẹ Ògúndé kí ó ṣe eré fún ayẹyẹ ìfilọ́lẹ̀ wọn. Ó ṣe Yorùbá Ronú fún wọn. Ìtàn ọba kan ni, tí igbákejì rẹ̀ dalẹ̀ rẹ̀, tí a sì jù ú sínú ẹ̀wọ̀n, tí ìyà sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ìlú. Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ wà nínú ẹ̀wọ̀n ní àkókò náà, kò sì sí ọmọdé kan tí kò mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà ń lọ. Olórí ìjọba dìde kúrò níbẹ̀ pẹ̀lú àwọn ènìyàn rẹ̀ kí eré tó parí. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà ni ìjọba fi òfin de ẹgbẹ́ Ògúndé, wọn kò gbọdọ̀ ṣeré mọ́ ní gbogbo Ìwọ̀-Oòrùn. Ilẹ̀ Ìkálẹ̀ wà nínú rẹ̀.

Ẹni tí ó ń jẹun láti ẹnu-ọ̀nà gbọ̀ngàn ni a ti gbogbo ẹnu-ọ̀nà mọ́ báyìí, pẹ̀lú agboolé tí ó kún fún ìyàwó, ọmọ àti onílù. Ìbá ti rọrùn fún un láti lọ tọrọ àforíjì. Dípò bẹ́ẹ̀, ó kọ eré mìíràn ní ọdún kan náà, ó pè é ní Òtítọ́ Korò, ó sì ń ṣeré ní Èkó àti ní àwọn ibi tí òfin náà kò dé. Nǹkan bí ọdún méjì ni ó fi wà bẹ́ẹ̀. Nígbà tí àwọn ológun gba ìjọba ní oṣù kìíní ọdún 1966, Ọ̀gágun Adékúnlé Fájuyì tí ó di gómìnà Ìwọ̀-Oòrùn mú òfin náà kúrò ní oṣù kejì.

Ọdún náà ni ti ìyá àgbà mi. Ìyàwó titun ni, ó gbé gáráwà epo mẹ́ta lọ tà ní Oǹdó, ó sì yẹ kí ó padà sí Igbótako ní ọjọ́ kejì pẹ̀lú owó náà. Ó gbọ́ ìlù ọkọ̀ Ògúndé ní ọjà. Ó ní gbogbo ọjà ni ó kọ́kọ́ dákẹ́, lẹ́yìn náà ni gbogbo rẹ̀ pariwo lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, nítorí pé ó ti pẹ́ tí a ti gbọ́ ọ. Ó san owó ìjókòó iwájú. Ó ra oúnjẹ fún obìnrin méjì tí kò mọ̀ rí, tí wọ́n jókòó tì í, nítorí pé inú rẹ̀ dùn púpọ̀, ó sì ná ìyókù fún àwọn onílù. Nígbà tí àwọn òṣèré da orin bolẹ̀, gbọ̀ngàn gbè é, ó sì dá a lójú pé Ògúndé dúró díẹ̀ láti gbọ́ wọn kí ó tó tẹ̀síwájú. Bí mo bá bi í léèrè ìtàn eré náà, kò rántí rẹ̀ dáadáa. Ìdúró díẹ̀ yẹn ni ó máa ń sọ. Nígbà tí ó délé láìsí owó, bàbá àgbà mi kò jẹ púpurú rẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta; ó ní ìyẹn kò le jù, nítorí pé òun náà ń fẹ́ kí a sọ eré náà fún òun, àmọ́ kò lè fi ẹnu bèèrè.

Ìyókù ìtàn náà kò ní gba àkókò wa púpọ̀. Ní ọdún 1967 ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣojú Nàìjíríà níbi àfihàn ńlá àgbáyé ní Montreal ní ilẹ̀ Kánádà. Ní ọdún 1970 Adéṣẹ̀wà kú nínú ìjàǹbá ọkọ̀, ọ̀fọ̀ tí ó wọ Ògúndé lára. Nígbà tí àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í jókòó sílé níwájú tẹlifíṣọ̀n, ó yí sí sinimá: Aiyé jáde ní ọdún 1979, Jáiyésinmi ní 1980, Àròpin N'Tènìà ní 1982, àti Àyànmọ́ ní 1988. Ó ń gbé àwọn sinimá náà kiri bí ó ti ń gbé eré kiri tẹ́lẹ̀, pẹ̀lú aṣọ funfun àti ẹ̀rọ, láti gbọ̀ngàn dé gbọ̀ngàn, èrò sì pọ̀ jọjọ. Ìyá àgbà mi wo Aiyé. Ó gbádùn rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ní nígbà tí orin dé tí àwọn sì gbè é, Ògúndé kò dúró.

Ó di olóògbé ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọjọ́ kẹrin oṣù kẹrin ọdún 1990, wọ́n sì gbé òkú rẹ̀ padà wá sin ní Ọ̀sọ̀sà. Orí rédíò ni wọ́n ti gbọ́ ọ ní ọjà Òkìtìpupa. Ìyá àgbà mi ní òun kò sọkún. Òun kàn bo epo òun, òun sì jókòó pẹ̀lú àwọn obìnrin mìíràn, wọ́n sì ń kọ àwọn orin náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹni tí ó bá gbàgbé apá kan, ẹlòmíràn á bá a mú un wá, títí tí ilẹ̀ fi ṣú.